Kí Ló Ń Di Oníjó Orí Òpó Mú?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wo fídíò tí wọ́n ká mi níbi tí mo ti ń jó lórí òpó irin. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, okùn wo ló dè yín mọ́ ọn?" Mo ní kò sí okùn. Ó ní gọ́ọ̀mù ńkọ́? Mo ní kò sí gọ́ọ̀mù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà náà máa ń bi mí ní Gwarinpa, ní Abuja níbí nìyẹn. Tí wọ́n bá sì ti béèrè rẹ̀ tán, èyí tó kàn ni, "Ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni? Níbo lo ti rí ìgboyà yẹn?" Ìbéèrè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn, torí pé ìdáhùn wọn so kọ́ra ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí mo sọ fún àǹtí mi kan ní Ìlọrin lórí fóònù pé ijó òpó ni mò ń kọ́, "opó" ló gbọ́, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní ijó orí òpó irin (pole dance), mi ò gé e kúrú mọ́.

Nígbà tó wá yé àǹtí mi, ọkàn rẹ̀ lọ síbi tí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ: ilé ìgbafẹ́ alẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń bọ́ṣọ. Mi ò parọ́ fún un, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ́ lónìí, títí kan bàtà gíga tí àwọn kan máa ń wọ̀ jó, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń jó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ti wá, ó sì yẹ ká máa fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gígun òpó ti wà kí ilé ìgbafẹ́ tó dé. Ní Maharashtra ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn oníjàkadì máa ń fi òpó igi tí wọ́n ń pè ní mallakhamb mú ara le; ìtumọ̀ orúkọ náà gan-an ni òpó oníjàkadì. Ní Ṣáínà, àwọn tó ń ta òkìtì máa ń fò láti orí òpó kan bọ́ sórí èkejì. Lọ́dún 2009 ni wọ́n dá IPSF sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó òpó gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ìdíje àgbáyé wọn àkọ́kọ́ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012. Nígbà tó di 2017, GAISF, ẹgbẹ́ tó kó àwọn àjọ eré ìdárayá àgbáyé jọ, gbà wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí òǹwòye. Gbogbo èyí ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àǹtí mi létí. Ohun tó wọ̀ ọ́ létí ni ìgbà tí mo ní kó rántí àwọn eégún aláré tó wò nígbà èwe rẹ̀, bí ọmọ aláré ṣe máa ń ta òkìtì tí gbogbo ọjà á fi hó. Ó ní, "Háà, onítàkìtì ni ẹ́, o ò tètè sọ."

Ó yá, ká padà sí okùn tí kò sí.

Awọ ara ló ń dì wá mú. Bí awọ tí kò ní aṣọ lórí bá tẹ̀ mọ́ irin dídán, wọ́n á fà mọ́ra. Bí aṣọ bá bọ́ sáàárín wọn, yíyọ̀ ló kù. Ìdí tí a fi ń wọ ṣọ́ọ̀tì àti aṣọ tí kò lápá nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ṣòkòtò gígùn gun òpó irin, bí ẹni gun ọ̀pẹ tí wọ́n fi epo pa ló máa rí. Mo mọ̀ pé ní ìlú tiwa níbí, ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní fẹ́ ṣí itan sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin nìkan ló wà nínú yàrá. Òpó kan wà tí wọ́n fi silicone bò. Aṣọ ni orí tirẹ̀ ń fẹ́, awọ lásán á máa ta ni lórí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ bo ara rẹ̀ délẹ̀ lè kọ́ ohun púpọ̀ lórí irú òpó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n awọ nìkan ò tó. Ẹ ronú ẹlẹ́mu. Igbà tó fi yí ọ̀pẹ ká kò ní ìkọ́, kò sì ní ìṣó. Ó ń fi ẹ̀yìn fà á, ó ń fi ẹsẹ̀ ti igi, ìfà àti ìtì yẹn ni igbà fi ń di ọ̀pẹ mú. Bí ẹ̀rù bá bà á tó lọ gbá igi mọ́ra, igbà á dẹ̀, wàhálà dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òpó irin rí. Nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àrà tí ẹ bá rí, apá kan ara ń fa òpó, apá kan ń tì í. Ọwọ́ òkè ń fà, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ń tì. Ohun tí ẹ̀rù máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé kó gbá òpó mọ́ àyà bí ẹni tí omi ń gbé lọ, ohun tó sì máa jẹ́ kó yọ̀ gan-an nìyẹn. Ó tó oṣù méjì kí ara mi tó gba ẹ̀kọ́ kékeré yìí, pé jíjìnnà díẹ̀ sí òpó ló ń dì mí mú.

Ojú ọjọ́ Abuja ní ipa nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì dùn mí pé mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi níbẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, awọ á gbẹ, á funfun, irin á tutù, òpó á sì máa yọ̀ bí dígí. Ẹni tó bá wá lọ fi òrí para kó tó wá sí kíláàsì ti fi kún un, torí pé ọ̀rá ni ọ̀tá òpó. Alẹ́ ni kí ẹ fi òrí yín para. Láti àárọ̀ ọjọ́ kíláàsì, ẹ má fi nǹkan kan pa ọwọ́ àti itan. Omi díẹ̀ tí a fín sí itan máa ń ṣiṣẹ́ fún mi lásìkò ọyẹ́, àti kí ara ti gbóná dáadáa kí n tó fọwọ́ kan òpó. Tó bá di oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí ooru bá mú, òógùn ló kù tó ń dà wá láàmú. Ìgbà yẹn ni ìyẹ̀fun funfun tí àwọn tó ń gbé irin máa ń fi pa ọwọ́, magnesium carbonate, máa ń wúlò. Ẹ sì máa fi aṣọ tó ní spírítì nu òpó kí ẹlòmíràn tó bọ́ sórí rẹ̀.

Àrà tí a kọ́kọ́ ń kọ́ kò wuyì nínú fídíò. Olùkọ́ mi ò jẹ́ kí n gun òpó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n di ọwọ́ òkè mú, kí n fa èjìká sílẹ̀ kúrò létí, kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí n sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo ṣe é títí ó fi sú mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gun ìwọ̀n àyà mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó, mo sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò ní kọ́ mi ní àrà kankan tí mi ò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kúrò nínú rẹ̀. Mo rò pé ó kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ohun tó ń dẹ́rù bà mí lókè ni pé mi ò mọ bí mo ṣe máa délẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n tán, òkè ò ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ìgboyà mi ti wá, mi ò sì mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń rà á.

Gígùn gan-an, ẹsẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn tó ń wò wá rò pé ọwọ́ ni. Ẹ ó fi òkè àtẹ́sẹ̀ ọ̀tún kọ́ òpó, kí ojúgun tẹ̀ mọ́ irin, kí orúnkún sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹsẹ̀ òsì á ti ẹ̀yìn wá há òpó mọ́ ti ọ̀tún. Ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, ẹ há òpó dáadáa, ẹ wá dìde bí ìgbà tí ènìyàn bá dìde lórí àga. Ọwọ́ kàn ń lọ di ibi tuntun mú lókè ni. Bí apá bá ń ro yín jù, ẹsẹ̀ yín ni kò há òpó tó.

Jíjókòó ń dunni. Itan kan á wà lórí èkejì, òpó á wà láàárín wọn, gbogbo ìwọ̀n ara á sì wà lórí awọ inú itan tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó máa ń ta bí ẹni pé iná ń jó o, àpá dúdú á sì jáde lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ á mọ̀ ọ́n lára, ìrora náà á rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrora awọ àti ìrora oríkèé. Ìrora awọ máa ń lọ tí a bá ti kúrò lórí òpó. Bí nǹkan bá gún yín ní ọrùn ọwọ́, ní ìgbọ̀nwọ́ tàbí ní èjìká, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Apá ọ̀tún àti apá òsì ni kí ẹ sì máa fi kọ́ gbogbo nǹkan, kí ẹ̀gbẹ́ kan má ba à lágbára tí èkejì á máa ṣàìsàn.

Pípòòyì ló máa ń da àwọn òǹwòran lójú rú jù. Oríṣi òpó méjì ló wà. Èkíní dúró gbọin. Ara yín ló ń yí i ká, agbára náà sì ti ọ̀dọ̀ ìgbésẹ̀ tí ẹ gbé àti ẹsẹ̀ ìta tí ẹ fì wá. Èkejì ní bọ́ọ̀rìn nínú, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí. Lórí èkejì yìí, ẹ rántí òkòtó tí ẹ ta nígbà èwe: bí ẹ bá kó ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́ra sún mọ́ òpó, eré á pọ̀ sí i, bí ẹ bá nà wọ́n síta, á rọra lọ. Ẹni tí òòyì ń kọ́ tí kò mọ èyí á tún ká ara jọ nítorí ẹ̀rù, òpó á wá máa sáré sí i. Kó na ẹsẹ̀ síta, kó wo ọwọ́ ara rẹ̀ dípò ògiri tó ń yí.

Lẹ́yìn èyí ni ìdorí-kodò, tí gbogbo ayé ń lé. Mi ò ní kọ́ yín ní ìyẹn lórí ìwé, kò sì yẹ kí ẹ kọ́ ọ nínú fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. A kì í fò wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ òpó, kó ká orúnkún sáyà, kó dúró bẹ́ẹ̀ kó fa èémí bíi mẹ́ta, kò tíì tó o ṣe. Fóòmù tó nípọn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ dúró tì yín. Òfin kan sì wà tó yẹ kó wà lọ́kàn yín: ó kéré tán, ibi mẹ́ta lára yín ni kó máa kan òpó, bíi ọwọ́, ẹ̀yìn orúnkún àti ìhà, ẹ má tú ọ̀kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó kù ti dì í mú tán. Orúkọ àwọn àrà ìdorí-kodò tí a ń fi ẹsẹ̀ kọ́ òpó á tún dà yín rú, torí pé ohun tí kíláàsì kan ń pè ní gemini, òmíràn lè máa pè é ní nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ má fi orúkọ ṣe é. Ẹ béèrè pé ẹsẹ̀ wo ló kọ́ òpó, ti inú tàbí ti ìta? Ẹsẹ̀ inú ni èyí tó sún mọ́ òpó nígbà tí ẹ bá dúró tì í, ti ìta ni èyí tó jìnnà.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra òpó sílé, ẹ wo òkè. Òpó tí a kì í lu ihò fún, ńṣe ló ń ti ara rẹ̀ láàárín ilẹ̀ àti òkè, nǹkan líle ló sì ń fẹ́: dẹ́kìn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Kubwa àti Lugbe, POP tàbí PVC ni ẹ ó rí lókè, páànù ló sì wà lórí ìyẹn. Òpó tí a bá tì mọ́ POP á lu ú já, tàbí kó yẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lórí rẹ̀. Kódà bí ẹ bá ń gbé ìsàlẹ̀ ilé alájà, bí POP bá bo dẹ́kìn, àlàfo wà láàárín wọn. Owó òpó ò kéré. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà tàbí bíríkìlà wò ó fún yín ná.

Ó wá ku jíjó lójú ènìyàn. Ẹ̀rù burú fún gbogbo òṣèré, ṣùgbọ́n ó burú fún oníjó òpó lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, torí pé àtẹ́lẹwọ́ máa ń làágùn tí àyà bá ń já, bí ẹ̀rọ amúlétutù tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tó gbẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ á tutù rin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Nítorí náà, bí ẹ ṣe to eré yín ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe láyà tó lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ rìn yí òpó ká, ẹ jẹ́ kí èémí kọ́kọ́ wálẹ̀. Àrà àkọ́kọ́ lókè, kó jẹ́ èyí tí itan tàbí ẹ̀yìn orúnkún ń dì mú, kì í ṣe èyí tó gbára lé ọwọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́jọ́ tí ara yín ò le, tí ẹ ò sùn dáadáa, òun nìkan ni kí ẹ gbé lọ sórí pèpéle. Èyí tó ń bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀ sí kíláàsì.

Díẹ̀díẹ̀ ni jíjó lójú ènìyàn máa ń mọ́ni lára. Èmi kọ́kọ́ jó fún fóònù mi. Mo wo fídíò náà, mo rí i pé mo máa ń sé èémí, ojú mi á sì le bí ẹni tó ń ka owó. Lẹ́yìn náà mo jó fún ẹnì kan, lẹ́yìn náà fún mẹ́ta, pẹ̀lú aṣọ àti bàtà tí mo máa wọ̀ gan-an. Ẹ dán òpó ibẹ̀ wò kí àlejò tó dé, torí pé òpó orí pèpéle tí wọ́n gbé wá máa ń mì díẹ̀, ẹ sì béèrè bóyá ó ń yí tàbí ó dúró. Ẹ tún pinnu ohun tí ẹ máa ṣe tí iná bá lọ, torí pé á lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, òkùnkùn á ṣú, orin á dákẹ́: ẹ há òpó mú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ dúró pẹ̀lú ọwọ́ lára rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi dé.

Ohun kan tún wà tó ràn mí lọ́wọ́. Lọ́dún 2014, Alison Wood Brooks, olùkọ́ ní Harvard, tẹ ìwádìí kan jáde. Kí àwọn kan tó kọrin lójú ẹlòmíràn, ó ní kí wọ́n sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn, ó sì ní kí àwọn mìíràn sọ pé ara àwọn yá. Àwọn tó ní ara àwọn yá ló kọrin dáadáa jù. Àyà tó ń lù kìkì nítorí ẹ̀rù àti èyí tó ń lù kìkì nítorí ayọ̀ jọ ara wọn púpọ̀. Orúkọ tí a fún un ló ń darí rẹ̀. Èdè wa ti ní gbólóhùn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo máa ń mí èémí jáde gùn-ún, màá wá fi ẹnu mi sọ ọ́ pé, "Ara mi ń yá gágá."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jó lójú ẹbí àti ọ̀rẹ́, bíi ènìyàn ọgbọ̀n ló jókòó. Apá àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí mo gun ẹlẹ́ẹ̀kejì láti lọ dorí kodò, mo gbọ́ ọ lára pé ọwọ́ mi ti rin. Mo há itan, mo sọ̀ kalẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, mo fi ọwọ́ kan di òpó mú, mo sì rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú orin, mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àyà mi fi rọ̀. Mo jókòó lórí òpó níbi tó yẹ kí n dorí kodò, orin parí. Nígbà tí a ń jẹun, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ tó béèrè okùn yẹn, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ibi tó o ti rọra sọ̀ kalẹ̀ yẹn, tó o wá ń rìn yí i ká tó o ń wò wá, ibẹ̀ ló wù mí jù. Ṣé ó pẹ́ kó o tó mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Oṣù mẹ́jọ, Àǹtí mi."